Fìlà Ni Kámẹ́rà Òkè Ń Rí

Kò sí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n pè mí sí láti wá gbé kámẹ́rà ààbò kọ́, láti Ọ̀tọ̀ títí wọ inú Ebute Mẹ́ta nílùú Èkó, tí ọwọ́ onílé kì í kọ́kọ́ nà sókè. "Abẹ́ páánù yẹn ni kí ẹ gbé e sí, Ẹ̀njíníà. Ibi tí ọwọ́ olè ò ní tó." Bí mo bá dákẹ́, wọ́n á tún fi kún un pé ibẹ̀ ni yóò ti máa rí gbogbo àdúgbò, láti ọ̀nà ọjà Oyíngbò títí dé etí ọ̀sà. Mo mọ ibi tí èrò náà ti wá. Ẹni tó wà lókè ló ń rí ìsàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe bá a láti ìgbà tí àwọn ìyá wa ti ń yọjú lójú fèrèsé òkè láti wo ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá yẹn máa ń kígbe pé, "Ta nìyẹn?" Ẹni tó wà nísàlẹ̀ á sì gbójú sókè dá wọn lóhùn. Olè kì í gbójú sókè.

Mo ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí, mo sì ti ń jà lórí ọ̀rọ̀ yìí kan náà látìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀: lára ilé alájà kan, ibi tí ọmọ iṣẹ́ lè dúró sí láìfi ẹ̀mí wewu náà ni ibi tí kámẹ́rà ti ń ríran jù. Kì í ṣe pé a fi ọ̀kan rúbọ nítorí èkejì. Ibì kan náà ni. Abẹ́ dẹ́kìn ni, ìyẹn òrùlé kọnkéré yàrá ìsàlẹ̀, níbi tí bákónì ti yọ síta, bíi mítà méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta sí ilẹ̀. Àwọn oníbàárà kì í fẹ́ gbọ́ ọ. Ó jọ lójú wọn bíi pé ọ̀lẹ ń ṣe mí.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò díẹ̀ wò ó. Etí òrùlé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa máa ń ga tó mítà mẹ́fà ààbọ̀. Ká ní ẹnì kan tó ga ní mítà 1.7 dúró sí iwájú ilẹ̀kùn, mítà mẹ́ta sí ògiri. Kámẹ́rà tó wà lábẹ́ páánù fi mítà 4.8 ga ju orí rẹ̀ lọ. Ó ní láti tẹrí ba ní bíi dígírì 58 kó tó lè wò ó. Àtàrí nìkan ló máa rí. Ẹ gbé kámẹ́rà kan náà wá sí mítà 2.8, ìtẹríba yẹn á já sí dígírì 20. Iwájú orí, imú, ẹnu, títí kan ilà ojú bí onítọ̀hún bá kọ ọ́, gbogbo rẹ̀ á hàn.

Ọ̀rọ̀ jíjìn tún wà nílẹ̀. Òṣùwọ̀n tí àwọn oníṣẹ́ kámẹ́rà ń lò káàkiri ayé ni pé kí àwòrán tó lè fi ẹni tí a kò rí rí hàn láìsí àríyànjiyàn, mítà kan níbi tí ẹni náà dúró sí gbọ́dọ̀ gba píksẹ́lì 250. Bí ó bá jẹ́ ẹni tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni, 125 lè tó. Kámẹ́rà olójú mílímítà 2.8 tí gbogbo wa ń rà, tí àwòrán rẹ̀ fẹ̀ ní píksẹ́lì 1920, kì í lé ní mítà mẹ́ta kí 250 yẹn tó tán lọ́wọ́ rẹ̀. Láti abẹ́ páánù sí ojú ẹni tó dúró níwájú ilẹ̀kùn, ó ju mítà márùn-ún ààbọ̀ lọ. Kí olè tiẹ̀ tó gbé ẹsẹ̀ sórí àtẹ̀gùn ilé ni kámẹ́rà náà ti pàdánù rẹ̀.

Ọ̀tọ̀ sì la wà, ilẹ̀ Ọlọ́tọ̀, ọ̀kan lára àwọn olóyè onífìlà funfun Èkó. Kámẹ́rà abẹ́ páánù, fìlà funfun yẹn ni yóò rí. Bóyá olóyè ló dé e ni o, bóyá ẹni tó jí fìlà olóyè ni o, kò ní lè sọ. Ẹ fi gèlè kún un, ẹ fi híjáàbù kún un, ẹ fi àwọn fìlà olójú gígùn tí àwọn ọ̀dọ́ ń dé kún un. Ìlú wa kì í ṣe ìlú tí èèyàn ti ń rìn lórí lásán.

Mi ò kì í fi ìṣirò yìí bá àwọn àgbàlagbà jà o. Màmá onílé kan wà níbí tó takú pátápátá. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, ká jọ gòkè lọ sójú fèrèsé yàrá wọn. Mo fún wọn ní fóònù mi, mo ní kí wọ́n ya ẹni tó bá gba ẹnu géètì wọlé. Ẹnì kan wọlé lóòótọ́, wọ́n yà á. A sọ̀ kalẹ̀, mo fi ọwọ́ na fóònù náà sókè sábẹ́ dẹ́kìn, mo ní kí ẹni náà padà síta kó tún wọlé, mo sì yà á. Mo wá fi méjèèjì hàn wọ́n. Wọ́n wo ti àkọ́kọ́ títí.

"Ta rèé?"

"Ọmọ ọmọ yín ni, mà."

"Irọ́ ni o. Ọmọ mi ò rí báyìí." Wọ́n gbé ojú wọn kúrò lára fóònù, wọ́n wo ọmọ náà fúnra rẹ̀, wọ́n tún wo àwòrán. "Fìlà yẹn, èmi ni mo rà á fún un lọ́dún tó kọjá." Wọ́n wo ti kejì, wọ́n rẹ́rìn-ín, torí ọmọ náà ń ṣẹ́jú sí fóònù nínú rẹ̀. "Ó dáa, ẹ gbé e sísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá jí i, ẹ̀yin lẹ máa san án."

Ìbéèrè gidi ni Màmá bi mí yẹn. Kámẹ́rà tí kò ga, wọ́n lè yọ ọ́. Ìdáhùn mi ni pé mítà mẹ́ta kì í ṣe ibi tí ọwọ́ lásán ń dé, ẹni tó bá fẹ́ dé ibẹ̀ ní láti wá nǹkan gùn, kó tó sì wá nǹkan gùn, ojú rẹ̀ á ti wà nínú ẹ̀rọ. Mo máa ń lo èyí tó rí roboto bí ìdérí, tí ike rẹ̀ le débi pé òkúta kì í tètè fọ́ ọ. Mo tún máa ń to wọn kí wọ́n máa wo ara wọn: ẹni tó lọ ba ti ẹnu géètì jẹ́, ti abẹ́ bákónì ń wò ó lẹ́yìn.

Ẹni tó kọ́kọ́ ṣe irú nǹkan yìí fún ilé gbígbé mọ ọ̀rọ̀ ojú yìí dáadáa. Nọ́ọ̀sì aláwọ̀ dúdú ni, Marie Van Brittan Brown, ó ń gbé ní Queens ní New York. Àkókò iṣẹ́ rẹ̀ kì í bá ti ọ̀pọ̀ èèyàn mu, ẹ̀rù sì máa ń bà á bí wọ́n bá kan ilẹ̀kùn nígbà tó dá wà nílé. Lọ́dún 1966, òun àti ọkọ rẹ̀ Albert, tó mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ, kọ̀wé béèrè fún ìwé àṣẹ lórí ohun tí wọ́n hùmọ̀. Oṣù Kejìlá ọdún 1969 ló tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Ihò mẹ́rin ni wọ́n lu sára ilẹ̀kùn, láti ibi tí ojú ẹni gíga máa ń wà títí dé ibi tí ti ọmọdé wà, kámẹ́rà á sì máa lọ sókè sódò lẹ́yìn àwọn ihò náà, kó lè bá ojú ẹnikẹ́ni tó bá dúró síta ṣe déédéé. Àwa tí a ní ẹ̀rọ tó dára ju tiwọn lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po ni a wá gbé e lọ sórí òrùlé.

Ti àwòrán nìyẹn. Ti ẹ̀mí ló kù, òun ló sì máa ń gbà mí lọ́kàn jù.

Nígbà tí àwọn ará Jámánì lo irú kámẹ́rà yìí ní Peenemünde lọ́dún 1942, rọ́kẹ́ẹ̀tì V-2 ni wọ́n ń fi wò láti ọ̀nà jíjìn, kí ẹnikẹ́ni má baà wà nítòsí bí ó bá bú gbàmù. Wọ́n ṣe é kí èèyàn má baà dé ibi ewu. Àwa wá ń rán ọmọ ọlọ́mọ lọ síbi ewu ká lè rí i kàn mọ́ ògiri.

Ẹ wo òpópónà tóóró èyíkéyìí láàárín Ìdó àti Ọ̀tọ̀. Ọ̀pó iná sún mọ́ ilé débi pé ẹni tó ń sá aṣọ ní bákónì lè máa ka wáyà. Ní ọ̀pọ̀ ibi, oríṣi méjì ló wà lórí ọ̀pó kan náà. Ti ìsàlẹ̀ ni èyí tó ń wọ ilé wa, 230 sí 415 fólítì. Àwọn mẹ́ta tó wà lókè téńté, 11,000 fólítì ni. Kò sí rọ́bà lára wọn. Ti òkè yẹn kì í dúró dìgbà tí ẹ bá fọwọ́ kàn án, ó lè fò wá bá irin tó bá sún mọ́ ọn jù. Òfin tèmi ni mítà mẹ́ta: kì í ṣe láti ara èèyàn nìkan, láti orí àkàbà, láti ẹnu dírìlì, láti ìdí páìpù tí ọmọ iṣẹ́ gbé dání tí ó sì ń yí padà láìwẹ̀yìn. Àkàbà tí a ń lò kiri ìlú, áúmíníọ̀mù ni èyí tó pọ̀ jù. Ó fúyẹ́, ó sì mọ́ra fún iná. Bí wáyà iná bá wà nítòsí ilé, àkàbà igi tàbí ti fáíbà ni mo ń gbé wá, bó ti wù kó wúwo tó.

Ẹnì kan á sọ pé, "Kò sí iná o, Ẹ̀njíníà. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n ti mú un lọ." Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń pààyàn. Iná tó lọ fún ọjọ́ mẹ́ta lè dé kí ẹ tó gbé omi mu tán. Àwọn ọmọ àdúgbò á pariwo "Ọ́p NẸ́PÀ!" bí wọ́n ṣe ń ṣe láti ayébáyé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iléeṣẹ́ iná NẸ́PÀ fúnra rẹ̀ ti kógbá sílé tipẹ́. Ẹni tó wà lórí àkàbà, ariwo yẹn ni gbogbo ìkìlọ̀ tó máa rí gbà, ó sì ti bọ́ sórí. Kódà kí iléeṣẹ́ iná má tíì mú iná dé, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò kan tí wọn ò so mọ́ ṣéńjìófà dáadáa lè máa ti iná padà sórí wáyà òpópónà. Fún ìdí yìí, ní ojú tèmi, kò sí wáyà tó kú. Ẹni tó bá fẹ́ kí n ṣiṣẹ́ nítòsí rẹ̀, kó lọ bá iléeṣẹ́ iná, kí wọ́n wá pa á lórí ọ̀pó, kí òṣìṣẹ́ wọn sì wà níbẹ̀ títí a ó fi sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń gbọ́ èyí tí wọ́n á sọ pé ká kúkú gbé e sábẹ́ dẹ́kìn.

Àkàbà fúnra rẹ̀ wá ńkọ́? Gbogbo ẹni tó kọ́ iṣẹ́ dáadáa mọ ìṣirò mẹ́rin sí ọ̀kan: bí àkàbà bá fẹ̀yìn ti ògiri ní mítà mẹ́rin sókè, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ jìnnà sí ògiri ní mítà kan. Bí ó bá jẹ́ mítà mẹ́fà, mítà kan ààbọ̀. Ẹ wá lọ fi mítà kan ààbọ̀ wọn ìwájú ọ̀pọ̀ ilé ní Ọ̀tọ̀. Inú gọ́tà lẹ̀ ń bọ́ sí. Ohun tí àwọn ọmọ wa ń ṣe nígbà náà ni pé wọ́n á ti ẹsẹ̀ àkàbà sún mọ́ ilé títí yóò fi dúró gbagidi bí ọ̀pó, ẹni tó bá wà lókè rẹ̀ kò ní ju pé kó fẹ̀yìn díẹ̀ láti tẹ dírìlì mọ́ ògiri, òun àti àkàbà ti ń ṣubú sẹ́yìn nìyẹn. Tàbí kí wọ́n gbé e lé orí kọnkéré tí wọ́n fi bo gọ́tà. Mo ti rí ọ̀kan tó mì bí wọ́n ṣe gbé ẹsẹ̀ lé àtẹ̀gùn kejì. Ìdajì etí rẹ̀ ni omi ti jẹ lábẹ́, èyí tó kù ló fi gbára lé ilẹ̀. Láti òkè, kọnkéré dídán ni. Ọjọ́ yẹn ni mo ti ń fi ìdí hámà lu irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kí n tó gbé nǹkan lé e. Èyí tó bá dún bí ìlù, mo kúrò níbẹ̀.

Ṣé ẹ wá rí i? Ìsọfúnni tí gọ́tà ń fún wa ni pé ilé yìí kò gba àkàbà mítà mẹ́fà. Abẹ́ dẹ́kìn gba àkàbà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kékeré tó dúró fúnra rẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì ìloro, ẹni tó bá sì ti ibẹ̀ yọ̀, orúnkún rẹ̀ ló máa bó.

Fún ibi tí a kò ti lè má gun àkàbà gígùn, mi ò gba àwáwí. Okùn á so orí rẹ̀ mọ́ nǹkan tí kò lè kúrò, kì í ṣe páìpù omi, kì í ṣe irin bákónì tó ti dípẹtà. Ẹni kan á di ìdí rẹ̀ mú, ìyẹn ni pé ọwọ́ méjèèjì àti ojú méjèèjì. Fóònù rẹ̀ á wà lápò mi. Ẹni tó ń gùn kò ní gbé nǹkankan dání. Kóròbá ló ń gbé dírìlì gòkè, a fi okùn fà á. A kì í gun òkè lẹ́yìn òjò, a kì í gun òkè nígbà tí ojú ọ̀run bá ti ń ṣú láti ọ̀nà ọ̀sà, torí ìjì tó ń ti ibẹ̀ wá kì í kọ̀wé ránṣẹ́. Nínú oṣù ààwẹ̀, àárọ̀ la ń parí iṣẹ́ òkè. Ọmọ tí kò tíì fi omi kan ẹnu láti sààrì kò ní nǹkankan ṣe lórí àkàbà ní aago mẹ́ta ọ̀sán, mo ti bá àwọn kan jà lórí èyí, tí wọ́n ní ṣé mo fẹ́ kí wọ́n ṣínu ni. Mi ò fẹ́ kí wọ́n ṣínu. Mo fẹ́ kí wọ́n délé ṣínu.

Ògiri náà ní tirẹ̀. Búlọ́ọ̀kù tí a fi kọ́ ọ̀pọ̀ ilé wa, oníhò ni, ìbáà jẹ́ íǹṣì mẹ́fà tàbí mẹ́sàn-án. Bí dírìlì bá bọ́ sínú ihò yẹn, plọ́ọ̀gì ike kò rí nǹkan dì mú, kámẹ́rà á dúró títí di òjò ńlá kejì. Dẹ́kìn àti pílà kò ní ihò. Ìdí mìíràn nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn abẹ́ dẹ́kìn. Ṣùgbọ́n kí n tó lu ohunkóhun, mo máa ń wò ó: ṣé kọnkéré ti là, ṣé irin inú rẹ̀ ti yọ síta pẹ̀lú ìpẹtà? Àwọn ilé àdúgbò wa ti dàgbà. Iléeṣẹ́ rélùwéè ló sọ ibí yìí di ìlú ńlá, ọ̀nà ojú irin láti Ìdó dé Ìbàdàn ti wà láti 1901, ọ̀pọ̀ ilé sì ti ń gbé ìran kẹta tàbí ìkẹrin. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún ọdún 2022, ilé alájà mẹ́ta kan wó ní òpópónà Ìbàdàn ní Ebute Mẹ́ta, èèyàn mẹ́wàá ló bá a lọ. Kì í ṣe dírìlì ló wó o. Ṣùgbọ́n ilé tí ìjọba bá ti fi ọ̀dà pupa sàmì sí lára, mi ò kì í lu ihò kan sára rẹ̀, ì báà jẹ́ ihò ìṣó. Mo máa ń sọ fún onílé pé kì í ṣe kámẹ́rà ló kàn.

Àwọn ilé àtijọ́ kan tún ní sílìn asibẹ́sítọ́ọ̀sì, tó fi mọ́ èyí tó yọ síta lábẹ́ páánù. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lu ú. Eruku rẹ̀ ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, kì í sì jáde mọ́. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ni àìsàn rẹ̀ ń farahàn, nígbà tí ẹni tó ni ilé á ti gbàgbé orúkọ ọmọ tó wá lu ihò.

Ní ti wáyà, ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀. Ihò tí yóò gba inú ògiri gbọ́dọ̀ tẹ̀ sísàlẹ̀ síta, kí òjò má baà rí ọ̀nà wọlé, wáyà á sì kọ́kọ́ rọ̀ sísàlẹ̀ kó tó yí padà wọ ihò, kí omi lè kán sílẹ̀. Kí a tó lu ú, a wo ibi tí súwíìṣì àti sọ́kẹ́ẹ̀tì wà nínú yàrá, torí wáyà iná máa ń gba òkè tàbí ìsàlẹ̀ wọn tààrà. Atẹ́gùn iyọ̀ ọ̀sà ń jẹ irin, nítorí náà ìṣó tí kì í dípẹtà ni kẹ́ ẹ rà. Aláǹtakùn sì fẹ́ràn ibi tí kámẹ́rà wà. Yóò ta òwú rẹ̀ síwájú rẹ̀ gẹ́lẹ́, gbogbo alẹ́ ẹ óò máa rí nǹkan funfun tó ń jó. Bí ó bá wà lábẹ́ dẹ́kìn, ọmọ ilé fi ìgbálẹ̀ gbá a kúrò. Bí ó bá wà lábẹ́ páánù, ẹ óò tún ní láti pe èmi, àkàbà, okùn àti gọ́tà. Àwọn tó ń fẹ́ gbé e sókè kì í rò ó pé ẹ̀ẹ̀kan kọ́ ni wọ́n ń gùn ún.

Ẹni tó máa ń le jù láti yí lọ́kàn padà ni ọmọ onílé tó wà ní Peckham ní London tàbí Houston ní Amẹ́ríkà. Òun ló ń sanwó, òun ló ń wo ilé bàbá rẹ̀ lórí fóònù lóru wa. Ó fẹ́ rí gbogbo rẹ̀. Mo gba tirẹ̀ rò, ilé ẹbí ń mú èèyàn lọ́kàn jìnnà. Ṣùgbọ́n "gbogbo rẹ̀" yẹn, kì í ṣe tirẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. Ilé wa fara kínra. Balùwẹ̀ ẹ̀yìnkùlé ní àwọn ilé àtijọ́ kì í sábà ní òrùlé. Ògiri mẹ́rin àti ọ̀run ni. Kámẹ́rà tó wà lábẹ́ páánù rẹ̀, inú balùwẹ̀ ìyàwó aládùúgbò ló ń wò tààrà, á sì máa gbé e lọ sí London. Abala kẹtàdínlógójì ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 sọ pé ilé ẹni àti ìkọ̀kọ̀ ẹni ní ààbò. Òfin ààbò ìsọfúnni ara ẹni tún wá ní 2023. Ẹni tó wà nílùú ọba náà kò sì lè sọ pé òun ò gbọ́ rí, torí ní Oxford ní 2021, adájọ́ kan dá ẹjọ́ fún obìnrin tó pe aládùúgbò rẹ̀ lẹ́jọ́ lórí kámẹ́rà tó ń wo ọgbà rẹ̀, tó sì ń gba ohùn èèyàn sílẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti gbé kámẹ́rà tó gbóhùn sí ibi tó kọjú sí ilé ẹlòmíràn, mo pa ohùn rẹ̀ ni. Kámẹ́rà abẹ́ dẹ́kìn kì í tilẹ̀ bá wa dé irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Ògiri ààlà ló ń dí ojú rẹ̀, bó ṣe yẹ.

Àpótí tó ń gba àwòrán sílẹ̀, ẹ má ṣe gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n ní pálọ̀. Olè tó gbé tẹlifíṣọ̀n á gbé e, ẹ ó sì wà lọ́wọ́ òfo. Kámẹ́rà mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bá ń kọ mẹ́gábíìtì méjì ní ìṣẹ́jú àáyá kan á kó gígábáìtì 86 jọ lójúmọ́, ìyẹn ni pé díìsìkì 1,000 gígábáìtì á gbà tó ọjọ́ mọ́kànlá kó tó máa pa ti àtijọ́ rẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ rin ìrìn àjò ọ̀sẹ̀ méjì, kó ra èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo rẹ̀ kì í jẹ ju wáàtì 35 lọ, bátìrì ínfátà kan tó jẹ́ 100Ah lè gbé e láti alẹ́ dé àárọ̀, kó sì ṣẹ́kù. Kí ẹ sì yí ọ̀rọ̀ aṣínà tó bá a wá láti iléeṣẹ́ padà lọ́jọ́ náà gan-an: lọ́dún 2016, àwọn ọ̀daràn fi àìmọye kámẹ́rà tí àwọn onílé kò yí ti wọn padà gba íntánẹ́ẹ̀tì Amẹ́ríkà mọ́lẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Bí ọ̀rọ̀ bá dé ilé ẹjọ́, abala 84 òfin ẹ̀rí ti 2011 ní ohun tó ń béèrè kí àwòrán inú ẹ̀rọ tó di ẹ̀rí, nítorí náà aago inú àpótí yẹn gbọ́dọ̀ pé. Ẹ̀ẹ̀kan kọ́, ẹ̀ẹ̀mejì kọ́ ni mo ti rí ẹ̀rọ tó sọ pé olè wọlé ní 1970.

Mi ò sọ pé kò sí ibi tí òkè ti tọ́ o. Ilé kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ kọjú sí ojú irin, tàbí sí etí omi níbi tí ọkọ̀ ojú omi lè gúnlẹ̀ lóru láìsí ẹni tó gbọ́, ó yẹ kó ní ojú kan lókè tó ń wo ìrìn ẹsẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Kì í ṣe láti mọ ẹni tó ń bọ̀, láti mọ̀ pé ẹnì kan ń bọ̀ ni. Ọ̀kan tó. Mo máa ń kọ́kọ́ béèrè bóyá a lè ri ọ̀pá irin mọ́lẹ̀ nínú ọgbà dípò òrùlé. Bí kò bá ṣeé ṣe, a háyà irin tí àwọn bíríkìlà ń tò gùn, pẹ̀lú pákó tó nípọn lórí rẹ̀, onílé ló ń san owó rẹ̀, mo sì ń kọ ọ́ sínú ìwé owó lọ́tọ̀ kó lè rí i. Ọ̀pọ̀ ìgbà, nígbà tí wọ́n bá rí iye rẹ̀, òkè yẹn kì í pọn dandan mọ́.

Màmá ọjọ́sí gba kámẹ́rà mẹ́rin, gbogbo wọn lábẹ́ dẹ́kìn àti lára ògiri ọgbà. A parí kí oòrùn tó wọ̀. Nígbà tó di ọ̀rọ̀ owó, wọ́n jókòó sórí àga wọn, wọ́n gbójú sókè.

"Ẹ̀njíníà, ẹ ò gun òkè kankan. Àkàbà kékeré tí mo fi ń tún gílóòbù ṣe lẹ lò. Ẹ dín in kù."

Mo ní, "Mà, torí kí n má baà gun òkè lẹ fi ń san án."

Wọ́n dín in kù fúnra wọn, wọ́n sì ní kí ọmọ ọmọ wọn bu oúnjẹ fún wa.